Ọmọ Tí A Kò Rán Níṣẹ́

Èmi ni mo ṣe òfin náà, mi ò lè purọ́ mọ́ ẹlòmíràn. Mo kọ ọ́ sínú ìwé, mo fa ìlà sábẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo sì kà á ketekete sétí gbogbo ará ilé pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rán ọmọ náà níṣẹ́. Nígbà tí mo kà á tán, mo wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bíi tíṣà tó ń wá ẹni tó pariwo ní kíláàsì. Inú mi dùn sí ara mi lọ́jọ́ náà.

Iṣẹ́ wẹ́fíà ni mò ń ṣe nílẹ̀ Ìbàràpá, ó ti lé ní ogún ọdún. Ọmọ Tápà ni mí, ṣùgbọ́n ọ́fíìsì mi wà ní Igbó-Ọrà, ẹsẹ̀ mi sì ń dé ibikíbi tí ọ̀kadà bá lè dé láàárín Èrúwà sí Lánlátẹ̀. Bí ìyá ọmọ bá kú, tí bàbá rẹ̀ sì ti bá tirẹ̀ lọ, tàbí tí wọ́n bá rí ọmọ tó ń sùn káàkiri, àwa ni wọ́n máa ń pè. A ó wá alágbàtọ́ fún un, ìyẹn ẹni tí yóò gba ọmọ ọlọ́mọ tọ́ nínú ilé tirẹ̀, a ó sì máa lọ bẹ̀ ẹ́ wò títí ọmọ náà yóò fi pé ọdún méjìdínlógún. Lọ́jọ́ tó bá pé ọdún méjìdínlógún, a ó pa fáìlì rẹ̀ dé. Ìjọba ti ṣe tirẹ̀ nìyẹn.

Mo kórìíra ọjọ́ yẹn. Mo ti pa fáìlì ọmọbìnrin kan dé rí, ọmọ tó mọ̀wé, tó fẹ́ràn ẹ̀rín. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí alágbàtọ́ rẹ̀ fi kó ẹrù rẹ̀ síta. Ó ní ìwé ìjọba ti parí, òun náà sì ti parí tòun. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta mo rí ọmọ náà ní Èrúwà, nínú ilé kan tí wọn ò tíì kọ́ tán nítòsí pólì, òun àti àwọn mìíràn bíi tirẹ̀, wọ́n tẹ́ páálí sílẹ̀, orí rẹ̀ ni wọ́n ń sùn. Ó kí mi dáadáa. Ó tiẹ̀ kúnlẹ̀. Láti ìgbà náà, gbogbo ọmọ tí wọ́n bá mú wá síwájú mi ni mo máa ń wò, tí màá sì bi ara mi pé, ta ni yóò ṣílẹ̀kùn fún èyí lẹ́yìn tí mo bá ti pa fáìlì rẹ̀ dé?

Ọmọ tí mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí jẹ́ ọmọbìnrin ẹni ọdún mẹ́rìndínlógún nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i. Inú ìsọ̀ kan nínú ọjà Èrúwà ló ń sùn. Bí ọjọ́ ọjà bá ti kọjá, àwọn ìsọ̀ ẹ̀yìn máa ń ṣófo, ó sì ti mú ọ̀kan nínú wọn. Àwọn obìnrin tó ń ta àgbàdo ló rí i, wọ́n bu oúnjẹ fún un, wọ́n sì ránṣẹ́ pè mí. Nígbà tí mo débẹ̀, ó ti gbá iwájú ìsọ̀ tirẹ̀ àti ti mẹ́fà mìíràn tí kì í ṣe tirẹ̀. Mo rí i pé ó gbá a. Mi ò bi ara mi léèrè ìdí rẹ̀.

Ìyá rẹ̀ ti kú nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méje. Láti ìgbà náà, ó ti gbé ilé márùn-ún. Ó kà wọ́n fún mi lórí ìka ọwọ́ rẹ̀ láìsunkún: ilé àbúrò ìyá rẹ̀, ilé ọ̀rẹ́ ìyá rẹ̀, ilé obìnrin kan ní Lánlátẹ̀, àti ilé méjì ní Ìbàdàn. Nínú èyí tó kẹ́yìn, òun ló ń fọ aṣọ ènìyàn méje, òun ló ń kiri omi tútù lójú títì, òun náà ló ń pọn ọmọ wọn. Lọ́jọ́ kan wọ́n ní àwọn ń kó lọ sí òkè òkun, kí ó máa lọ sílé. Wọn ò bi í pé ilé wo.

Inú bí mi gan-an. Mo máa ń tètè bínú, kò sí ẹni tó mọ̀ mí tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo búra nínú ọkàn mi pé nílé kẹfà yìí, kò sẹ́ni tí yóò fi ọmọ yìí ṣẹrú mọ́ níṣojú mi.

Ilé Ìyá Ìbejì ni mo mú un lọ. Bí ènìyàn bá dúró láàárín ọjà Igbó-Ọrà tó ké pe Ìyá Ìbejì, ìdajì ọjà ni yóò dáhùn, ìdajì yòókù yóò sì bi í pé èwo nínú wọn, torí náà mi ò tíì dárúkọ ẹnikẹ́ni. Opó ni obìnrin yìí, mùsùlùmí ni, gàrí ló ń ṣe. Ìbejì rẹ̀, obìnrin méjèèjì, jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá nígbà náà, àwọn nìkan ló sì bí kí ọkọ rẹ̀ tó kú. Agboolé ọkọ rẹ̀ ló ṣì ń gbé, níbi tí bàbá àgbà kan ti jẹ́ olórí ilé. Ìyá Ìbejì kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Nígbà tí mo sọ ìtàn ọmọ náà fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí mo sì bi í bóyá yóò lè gbà á tọ́, ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí.

"Ṣé ó máa ń jẹ ata?"

Mo ní ó máa ń jẹ ẹ́.

"Ẹ mú un wá, mà."

Bí mo ṣe mú un dé ni mo ka òfin mi. Ẹ ò gbọdọ̀ rán an lọ́jà. Ẹ ò gbọdọ̀ jẹ́ kó fọ abọ́ yín. Kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹ̀gẹ́. Ọmọ yìí ti ṣiṣẹ́ tó, kí ó wá sinmi. Bàbá àgbà ní àwọn ti gbọ́. Ìyá Ìbejì tẹ ìka sí i. Àwọn ìbejì ń wo ọmọ tuntun náà bí wọ́n ṣe ń wo ìyàwó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé.

Wọ́n pa òfin mi mọ́. Ẹ̀yin náà mọ bí àwọn ènìyàn wa ṣe ń ṣe bí wọ́n bá ní kí wọ́n tọ́jú ẹnìkan. Nígbà tí mo padà lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àga ni mo bá ọmọ náà lórí rẹ̀, wọ́n gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀ nínú abọ́ tó ní ìdérí, ẹran tó wà níbẹ̀ tóbi ju èyí tí mo máa ń rí nílé mi lọ. Ọ̀kan nínú ìbejì ń pọnmi lọ sí balùwẹ̀ fún un. Ìyá Ìbejì àti ìkejì jókòó sílẹ̀, wọ́n ń bó òkìtì ẹ̀gẹ́ kan tó ga tó ọmọ ọdún márùn-ún, ọmọ náà sì jókòó sórí àga rẹ̀, ó ń wo ọwọ́ wọn. Mo wo yàrá. Ó ti ká ẹní rẹ̀, ó gbé e dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọmọ náà mọ́ tónítóní, pé ó ń gbádùn, pé ilé náà dára.

Ìyá Ìbejì sìn mí dé ojú títì. Ó dúró, ó ń fọwọ́ pa ẹ̀gẹ́ tó gbẹ mọ́ ọn lápá nù.

"Àǹtí, ọmọ yìí ò bá wa ṣe nǹkan kan o."

"Bó ṣe yẹ kó rí gan-an nìyẹn, Ìyá Ìbejì."

"Ó dáa, mà."

Nígbà kejì tí mo lọ, bàbá àgbà ló kí mi lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní àwọn ń tọ́jú àlejò mi dáadáa o. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo dúpẹ́ gidigidi pàápàá, mo sì gun ọ̀kadà mi lọ sí Tápà, orí mi ń wú.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, láàárọ̀ ọjọ́ kan, Ìyá Ìbejì pè mí lórí fóònù. "Àǹtí, a jí, a ò bá ọmọ mọ́."

Mo pariwo mọ́ ọn. Ojú ń tì mí báyìí bí mo ṣe ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n mo pariwo. Mo ní kí lẹ fi ṣe é? Ẹ rán an níṣẹ́, àbí? Mo ní mo mọ̀, mo mọ̀ pé bí ẹ̀yin ènìyàn ṣe ń ṣe nìyẹn, bíi pé èmi kì í ṣe ènìyàn.

"A ò rán an rárá, mà," ló wí. "Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù."

Mi ò lóye ohun tó sọ. Mo ní kó jókòó sílé, èmi ni màá wá ọmọ náà lọ sí Èrúwà níbi tí mo ti kọ́kọ́ rí i, ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi dé ibi tí wọ́n ti ń wọ mọ́tò Èrúwà, ó ti wà níbẹ̀, ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká, ó ti sanwó tèmi mọ́ tirẹ̀. Mo sọ̀rọ̀ títí a fi dé Èrúwà. Mo ń sọ bí ọpọlọ ọmọ tó ti jìyà ṣe máa ń ṣiṣẹ́, bí wọ́n ṣe kọ́ wa níbi ẹ̀kọ́ tí wọ́n rán wa lọ. Ojú fèrèsé ni Ìyá Ìbejì ń wò. Gbogbo ohun tí mò ń rò ni ilé àkọ́kù yẹn nítòsí pólì, páálí yẹn, àti ọmọ tó kúnlẹ̀ kí mi níbẹ̀. Ọdún méjì péré ló kù kí èyí náà pé ọdún méjìdínlógún. Bí kò bá rí ilé dúró sí báyìí, mo mọ ibi tí yóò sùn.

Ọjọ́ náà kì í ṣe ọjọ́ ọjà. Àwọn obìnrin alágbàdo nìkan ló wà níbẹ̀, bí wọ́n sì ṣe rí mi ni wọ́n na ẹnu sí ọ̀nà ìsọ̀ ẹ̀yìn. Ọmọ náà jókòó sórí àpótí kan, ó ń bá wọn bó àgbàdo. Ó rí wa, ó kúnlẹ̀, ó kí wa. Kò sá.

Mo ṣe é bí wọ́n ṣe kọ́ wa. Mo jókòó sílẹ̀ kí ojú wa lè ṣe déédéé, mo rẹ ohùn mi sílẹ̀.

"Kí ni wọ́n fi ṣe ẹ́ nílé yẹn?"

"Wọn ò fi mí ṣe nǹkan kan, mà."

"Ta ló bú ẹ? Ta ló nà ẹ́?"

"Kò sẹ́ni tó nà mí. Kò sẹ́ni tó bá mi wí rí, mà."

"Kí ló wá dé tóo fi lọ?"

Ó gbé ọ̀kan nínú àgbàdo náà, ó ń bó o lọ.

"Bí wọ́n ṣe ń ṣe àlejò ni wọ́n ń ṣe mí, mà. Gbogbo ilé tí mo ti gbé, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe mí lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn. Ẹran ńlá. Wọ́n á ní kí n jókòó, kí n má ṣèyọnu. Mo wá ń retí kó tán. Kò tán. Ilé tí wọ́n ti ń lò mí bí ẹrú, mo mọ ohun tí mò ń ṣe níbẹ̀. Níbí, mi ò mọ̀ ọ́n. Mo na ọwọ́ sí ọ̀bẹ lọ́jọ́ kan pé kí n bá wọn bó ẹ̀gẹ́, gbogbo wọn pariwo pé kí n má fọwọ́ kàn án. Mo wá mọ̀ pé wọn ò fẹ́ kí n mọ ibi tí nǹkan wà nínú ilé wọn. Mo ní kí n tètè lọ kí wọ́n tó sọ ọ́ fún mi."

Òfin mi ni mò ń gbọ́ yẹn. Ìlà méjì tí mo fà sábẹ́ rẹ̀ ló lé ọmọ náà padà sínú ìsọ̀.

Ẹ̀yìn mi ni Ìyá Ìbejì dúró sí látìgbà tí a ti dé. Mi ò gbọ́ kí obìnrin yìí gbé ohùn sókè rí. Ó kọjá lára mi.

"Ìwọ ọmọ yìí! Dìde níbẹ̀ yẹn! Ṣé o rí ara ẹ? Ẹ̀gẹ́ àpò méjì ni mo lọ̀ níjẹta, omi ẹ̀ ti ro tán, ó wà ńlẹ̀ gbàgà, ta lo fẹ́ kó bá mi sẹ́ ẹ? Èmi nìkan? Èmi tí ẹ̀yìn ń dùn mí! Àwọn àbúrò ẹ ń sunkún láti àárọ̀, wọn ò lọ síléèwé, ìwọ wá jókòó sáàárín ọjà, ò ń bó àgbàdo alágbàdo! Ta ló ní kóo jáde? Ta lo sọ fún? O kàn gbẹ́sẹ̀ o ń lọ, bí ẹni tí ò níyàá! Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn? Tóo bá tún dán irú ẹ̀ wò, èmi pẹ̀lú ẹ la jọ máa wà nílé yẹn, wàá rí i!"

Mo fi ìgúnpá gún un. Ẹ̀rù bà mí. Ohun gbogbo tí wọ́n kọ́ mi nínú iṣẹ́ yìí ń sọ fún mi pé ó ti bà á jẹ́, pé ọmọ náà yóò fẹsẹ̀ fẹ báyìí, a ò sì ní rí i mọ́. Àwọn alágbàdo dá ọwọ́ dúró.

Ọmọ náà ò sá. Ó dìde bí wọ́n ṣe ní kó dìde, àgbàdo jábọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó tẹjú mọ́ Ìyá Ìbejì. Mo rí i tí nǹkan kan ń tú nínú ojú rẹ̀, ojú tí kò sunkún nígbà tó ń ka ilé márùn-ún fún mi lórí ìka.

"Ẹ má bínú, Màmá."

Ọ̀sẹ̀ méje ló ti lò nílé náà, kò pè é bẹ́ẹ̀ rí. "Mà" ló ń pè é, bó ṣe ń pe èmi àti gbogbo ayé.

Ìyá Ìbejì bọ́ báàgì tó wà léjìká rẹ̀, ó gbé e fún un. "Gbà, gbé e dání, kóo ṣíwájú." Ọmọ náà gba báàgì ìyá náà, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá a mọ́ àyà, ó ṣíwájú. Omijé ń dà lójú rẹ̀, kò nù ún, torí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lára báàgì.

Háà. Ẹnu yà mí débi pé mo gbàgbé láti dìde. Mo jókòó sílẹ̀ nínú ọjà Èrúwà, èmi tí mo ní sátífíkéètì, mò ń wo ẹ̀yìn obìnrin kan tí kò kàwé rárá, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ mi níṣojú mi láàárín ìṣẹ́jú méjì, tó sì fi ìbínú ṣe é. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rántí ìyá tèmi ní Tápà. Kò sí ọjọ́ tí kò rán mi níṣẹ́ bí ìgbà mẹ́wàá kí n tó fọ ẹnu. Lọ pọnmi, lọ gbowó ata wá, ṣé ìwọ lo ṣe ilẹ̀ yìí báyìí, ta ló ní kóo jókòó? Mo kórìíra rẹ̀ nígbà náà. Ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ kan ṣoṣo tí mo fi bi ara mi léèrè bóyá ilé yẹn jẹ́ ilé mi. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n nílẹ̀ yìí pé a kì í rán àlejò. A ó ní kí ó jókòó, a ó gbé omi fún un, a ó sì máa wò ó títí yóò fi sọ pé òun fẹ́ máa lọ. Mo mọ̀ ọ́n láti kékeré, mo sì fi òfin sọ ọmọ tí kò ní ilé di àlejò ayérayé. Ìyàlẹ́nu mi pọ̀, ìtìjú mi náà ò kéré.

Nígbà tí mo bá wọn, wọ́n ti dúró níwájú obìnrin kan tó ń ta asẹ́ àti agbọ̀n. Ìyá Ìbejì ní kí ọmọ náà yan asẹ́ tó bá wù ú, torí àwọn tó wà nílé ti ní ẹni tó ni wọ́n, ọ̀kan fún òun, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ìbejì. Ẹ wá wo bí ọmọ yìí ṣe yan asẹ́! Ó ń gbé wọn sókè síhà oòrùn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wo ihò wọn, ó ń fi ìka tẹ etí wọn bóyá ó le. Ó kọ mẹ́rin. Ìyá Ìbejì dúró tì í, kò kánjú. Ìyá tó ń ta asẹ́ ń kùn pé ṣé wúrà ni ẹ ń rà ni. Nígbà tí ọmọ náà mú ẹyọ kan níkẹyìn, ó dì í mú bí ẹni pé wọ́n lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì mo mú ìwé òfin mi lọ sí agboolé náà, mo bẹ gbogbo wọn, mo sì ya á níwájú wọn. A kọ òmíràn. Gbogbo ohun tí ìbejì bá ń ṣe ni ọmọ náà yóò máa ṣe, kò gbọdọ̀ ju tiwọn lọ, kò sì gbọdọ̀ kéré sí i. Iléèwé ni yóò ṣáájú iṣẹ́. Ibi tí a dé ọ̀rọ̀ ta ni yóò máa rán ta ni ni ìjà ti bẹ́ sílẹ̀. Àwọn ìbejì ní àwọn làgbà nílé torí àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ dé. Ọmọ náà ní òun fi ọdún méjì jù wọ́n lọ. Ó yà mí lẹ́nu pé ó tiẹ̀ dá sí i. Bàbá àgbà jẹ́ kí wọ́n pariwo tán.

"Nínú ẹ̀yin méjèèjì," ló bi àwọn ìbejì, "ta lẹ̀gbọ́n?"

Èyí tó kẹ́yìn jáde nawọ́ sókè. Bó ṣe rí lọ́dọ̀ wa nìyẹn, ẹni tó kẹ́yìn dé nínú ìbejì la ń kà sí ẹ̀gbọ́n.

"Ìwọ tóo kẹ́yìn dé, wọ́n sọ ẹ́ dẹ̀gbọ́n, oò jà," ni bàbá wí. "Èyí náà kẹ́yìn dé. Kí ló wá ṣòro níbẹ̀?"

Gbogbo agboolé bú sẹ́rìn-ín. Orí mi wú. Mo ti ń gbọ́ nípa ìbejì látọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, mi ò mọ̀ pé ìlú yìí ti ní ìdáhùn sílẹ̀ fún ọmọ tó dé lẹ́yìn àwọn ọmọ yòókù.

Ọdún méjì sáré kọjá. Ọmọ náà wọ kíláàsì kan náà pẹ̀lú àwọn àbúrò rẹ̀. Ó mọ gàrí í yan débi pé àwọn tó ń rà á lọ sí Ìbàdàn ń béèrè tirẹ̀. Bí mo bá lọ bẹ̀ wọ́n wò, mi ò bá ẹní kankan lẹ́nu ilẹ̀kùn mọ́. Ẹní mẹ́ta ni wọ́n tẹ́ tẹ̀lé ara wọn sínú yàrá, aṣọ wọn dàpọ̀ sórí wọn, mi ò sì mọ èwo ni ti ta ni. Síbẹ̀ ẹ̀rù ń bà mí. Mò ń ka oṣù. Ọmọ tí mo sọ pé ó ń rẹ́rìn-ín, tó sùn sórí páálí, inú tirẹ̀ náà dùn nílé kó tó di pé ìwé parí.

Ọjọ́ náà pé. Mo mú fọ́ọ̀mù ìpafáìlìdé, mo gun ọ̀kadà lọ ní ọ̀sán, inú mi ò dùn. Láti ojú títì ni mo ti ń gbọ́ ariwo. Gàrí ti jóná. Èéfín ṣì ń rú lórí agbada. Ọmọ náà ló dúró tì í tó ń tẹ fóònù, kò sì mọ̀gbà tó jóná.

"Gbogbo ọ̀sán yìí lo fi ń tẹ̀ ẹ́!" ni Ìyá Ìbejì ń wí. "Màá fi fóònù yẹn sínú agbada pẹ̀lú ẹ̀!"

"Ẹ ti ń pariwo lé mi lórí láti àárọ̀! Ẹ ò pariwo lé àwọn yẹn!"

"Èmi lò ń dá lóhùn?"

Ọmọ náà ju igbá tó fi ń yan gàrí sílẹ̀, ó wọ yàrá lọ, ó sì gbá ilẹ̀kùn mọ́ wa lójú gbàmù. Kò kí mi. Ọmọ tó máa ń kúnlẹ̀ fún mi nínú ọjà kò rí mi rárá.

Ìyá Ìbejì fa àga fún mi, ó ní kí n má bínú, kí n jókòó. Mo ṣàlàyé fọ́ọ̀mù náà fún un bí ó ti yẹ. Mo ní ọmọ ti pé ọdún méjìdínlógún, ó ti kúrò lábẹ́ ìjọba, mi ò ní máa wá mọ́, kò sí ohun tó de Ìyá Ìbejì mọ́ láti tọ́jú rẹ̀. Mo ní wọ́n ní kí n pa á dé.

"Ìwé yín ni, ẹ pa á dé," ló wí. Ó na ìka rẹ̀ sí íǹkì, ó tẹ̀ ẹ́ síbi tí mo fi hàn án, ó sì fi aṣọ ara rẹ̀ nù ún. Ojú rẹ̀ ṣì wà lára gàrí tó jóná. "Àǹtí, ẹ wo ìpalára tọ́mọ yìí ṣe fún mi."

Lẹ́yìn náà ló kọjú sí ilẹ̀kùn. "Ẹ̀bà ẹ wà ńbí o, ó ti ń tutù!"

"Mi ò jẹ!"

Mo dúró, fọ́ọ̀mù wà lọ́wọ́ mi. Mo ti ń bá irú àwọn ọmọ yìí bọ̀ fún ogún ọdún. Ọmọ tí kò mọ ibi tí yóò sùn lọ́la kì í kọ oúnjẹ. Bí inú rẹ̀ bá bàjẹ́ tó, yóò jẹ ẹ́ tán, yóò fọ abọ́, yóò sì dúpẹ́, torí ó lè jẹ́ pé òun ló kẹ́yìn. Mi ò gbọ́ ọ rí, lẹ́nu ọ̀kankan nínú wọn, kí ó wà nínú yàrá, kí ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí, kí ó sì bínú tẹ́rùntẹ́rùn bí ẹni tó mọ̀ pé ẹ̀bà yóò wà lọ́la àti lọ́túnla. Omijé bọ́ lójú mi, mo yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo ní Ìyá Ìbejì, ẹ jẹ́ kí n bá yín bẹ̀ ẹ́ kó jáde wá jẹun.

Ó ti ń bu gàrí tó jóná kúrò nínú agbada. Kò gbé ojú sókè.

"Ẹ fi í lẹ̀, mà. Tébi bá pa á, ṣebí ó mọ ibi tí ìkòkò wà."